Ilẹ̀kùn Tí Ìka Kan Lè Tì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Kogure Yasuji, ẹ gbé ayédèrú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe aláriwo. Ó lè fi odidi àárọ̀ kan tú kábúrétọ̀ láìsọ ju "hùn" lọ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá yọ ìdérí taya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ lánàá jáde nínú àpò, tó ní kó bá òun fi sára ọkọ̀ eré-ìje tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí òun, Kogure á nu ọwọ́, á gba nǹkan náà, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún olówó rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," á ní, "ṣé ẹ mọ àwọn oúnjẹ tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n ń tò sínú gíláàsì níwájú ilé oúnjẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ ti jẹ ọ̀kan rí?"

"Ẹ̀ẹ̀n? Rárá o."

"Kí ló dé? Ṣebí ó jọ ọ́."

Oníbàárà á rẹ́rìn-ín tipátipá, á kó ẹrù rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ní ìlú Kiryu, létí odò Watarase, kò sẹ́ni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá a, àwọn tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn gùn ju ibi ìjókòó wọn lọ. Ìpẹtà ti jẹ àwọn míì dé eegun. Kogure ò ní sọ pé òun ò ṣe. Sùúrù nìkan ló máa bẹ̀ yín fún, nítorí ojúlówó ni gbogbo ohun tó máa fi sí i, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe fún un gan-an, ìbáà jẹ́ rọ́bà etí fèrèsé. Ó lè máa wá nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láti ìgbà òjò títí yìnyín á fi bo orí òkè Akagi. Bó bá sì rí i, á ra himokawa, núdù tó fẹ̀ bí ìgbànú tí wọ́n ń jẹ nílùú náà, fún gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí.

Ohun tó ń pa aráyé lẹ́rìn-ín ni ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn. Ọkọ̀ eré-ìje kékeré ni, pupa, oníjókòó méjì. Ọdún tó gbé Kinue níyàwó ló rà á, lọ́wọ́ ọmọ olówó kan tó gbé e já sínú oko ìrẹsì, tó sì búra pé òun ò ní fojú kàn án mọ́. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ni Kogure ṣì ń kọ́, Kinue sì ń hun ṣẹ́dà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìhunṣọ tí òrùlé wọn rí wókowòko bí eyín ayùn. Ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ ti fọ́, owó láti ra ojúlówó ò sì sí. Kogure lọ sí àkìtàn ọkọ̀, ó yọ ilẹ̀kùn òsì lára ọkọ̀ mìíràn tí kò bá tirẹ̀ tan rárá, ó lù ú, ó fi ayùn rẹ́ ẹ, ó kùn ún lọ́dà. Pupa ìhín àti pupa ọ̀hún ò sì jọ ara wọn títí ayé. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sókè, lára ọkọ̀ akẹ́rù àwọn àgbẹ̀ ló ti wá. Ìjókòó òsì ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Kinue ló ṣa àjókù òwú jọ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó fi hun aṣọ àwọ̀ ewé tó ní ilà àwọ̀ ọsàn, ó sì rán an mọ́ ìjókòó náà. Òwú tó ṣẹ́ kù ló dì ní okùn bí irun, tí wọ́n so mọ́ inú ilẹ̀kùn láti máa fi fà á.

Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni ìtàn. Kò fẹ́ tì. Bí Kinue bá ti jókòó, á fi ọwọ́ méjèèjì di okùn òwú mú, á fi gbogbo ara fà á, gbàgà! Ilẹ̀kùn á tì, òun náà á sì ṣubú lé èjìká ọkọ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí wọ́n jáde tí kò ṣubú lé e. Bó bá ṣubú tán, á rẹ́rìn-ín, Kogure á ní "hùn," wọ́n á sì lọ.

Tsunoda, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ kiri abúlé, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lé ayédèrú bí ẹní ń lé ajá, ilẹ̀kùn wo rèé?"

"Ẹnu ẹ gùn, Tsunoda."

"Mi ò bá yín jà o. Ilẹ̀kùn yẹn ò bàjẹ́, alárinà ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wá irú ẹ̀ fún ìyàwó tèmi."

Ojú ń ti Kogure. Ó ń bá Kinue ṣe ìlérí láti ìgbà tí Miho, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà níkùn. "Lọ́jọ́ kan, màá sọ ọkọ̀ yìí di bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Wàá jókòó sórí awọ gidi."

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́, Bàbá Miho? Ṣé ó ní òun ò gbé wa mọ́ ni?"

Ẹ wo bí ọkùnrin ṣe rí! Obìnrin sọ ọ́ ní èdè tí ọmọdé lè gbọ́ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ọkọ ní sùúrù aya tálákà ló ń ṣe. Ìtìjú yẹn wà lọ́kàn rẹ̀ fún gbogbo ayé rẹ̀. Ó ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe kó máa dán, ó sì ń gbé ìyàwó tirẹ̀ sórí àjókù òwú.

Iyè Kinue wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń wá ọbẹ nínú fìríìjì. Lẹ́yìn náà ó ń jí lówùúrọ̀, ó ń múra láti lọ síbi ìhunṣọ, bẹ́ẹ̀ ilé ìhunṣọ náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tipẹ́. Ọjọ́ tí Miho wá kí wọn láti Sendai, ìyá rẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í pé ọmọ ta ni. Nígbà tó fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò tí ilé fẹ́ẹ̀ jó, Kogure gbà, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ọjọ́ yẹn, Kogure padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sínú ọkọ̀ pupa, ó sì sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́ kù. Bí ariwo ọkọ̀ pupa bá ti ń gun òkè bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Kinue á dìde nídìí oúnjẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. "Fìlà mi dà? Bàbá Miho ti dé." Á jáde fúnra rẹ̀, á jókòó, á máa fi ọwọ́ òsì pa etí aṣọ ìjókòó tó hun, á fa okùn, gbàgà, á ṣubú lé èjìká Kogure. Àfi bíi pé ìṣubú yẹn ló ń jí iyè rẹ̀. Á ní, "Ẹ tún ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní epo lára." Wọ́n á gun Akagi dé etí adágún, wọ́n á ra yakimanju, búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi mísò, èròjà ẹ̀wà sóyà tó dùn, kùn tí wọ́n ń yan lórí iná, á sì máa sọ̀rọ̀ òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Miho. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ tí nọ́ọ̀sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, gbogbo rẹ̀ á tún lọ. Nítorí náà, ọjọ́ Àìkú nìkan ni Kogure ní ìyàwó. Kò ráhùn.

Nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hagiwara, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, inú ọkọ̀ yẹn ni màmá ń gbé o. Àlejò ni wọ́n lọ́dọ̀ tiwa."

Ó fi ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Kogure lákínyẹmí ara. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni ìyàwó òun ń gbé, ṣé ilé tó ń jò ló yẹ kó máa gbé?

Ní ìparí ọdún yẹn, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, Kogure sì rí i pé ìpẹtà ti jẹ àgbékọ́ ilẹ̀kùn òsì tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tsunoda pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà lórí ìjókòó? Bẹ́ ẹ bá dúró, ẹ jókòó."

"Sọ̀rọ̀, jàre. Ọwọ́ mi wà nínú epo."

"Ilẹ̀kùn òsì. Ti ọkọ̀ yín gan-an. Ojúlówó! Wọn ò fi sára ọkọ̀ kankan rí, bébà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Inú àká bàbá kan ní Tochigi ni mo ti rí i. Ìkọ́ gíláàsì wà níbẹ̀. Awọ ìjókòó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kú ni?"

"Mò ń bọ̀," ni Kogure wí.

Bó ṣe tú ọkọ̀ náà palẹ̀ nìyẹn. Tsunoda wá bá a gbé àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ aṣọ kúrò lórí ìjókòó, Tsunoda gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ṣé kí n bá yín dì í sínú ọ̀rá?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Awọ gidi dé, ò ń sọ̀rọ̀ àkísà."

"Ìyá ló hun ún, ẹ̀gbọ́n."

"Nítorí pé mi ò lówó ló ṣe hun ún!" Kogure fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe mọ́ ọn. "Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, òṣì mi ni mò ń rí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí tó ṣeé sun, Kogure fúnra rẹ̀ gbé aṣọ náà àti okùn rẹ̀ lọ sí ìkóríta, ó tò wọ́n sábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n fi ń dí àwọn ẹyẹ ìwò lọ́wọ́, ó tún àwọ̀n náà ṣe dáadáa, ó sì kí aládùúgbò rẹ̀ kó tó padà sílé. Ilẹ̀kùn àtijọ́ bá àwọn irin mìíràn lọ síbi tí wọ́n ti ń rún irin.

Gbogbo ìgbà òtútù, bí afẹ́fẹ́ Akagi ṣe ń fẹ́ yanrìn lu páànù, ó ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mélòó kan. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú, Kinue sì ń kí i bí àlejò.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá o. Ọ̀dọ̀ ta lẹ wá?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni."

"Háà. Ẹ má bínú o. Bàbá Miho ò tíì dé?"

"Ó ń bọ̀. Ó ń tún ọkọ̀ ṣe."

"Ọkọ̀ wo ló ń tún ṣe? Kí ló ṣe ọkọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ì bá ti ta á lólobó. Ẹ̀rín ló rín. Ó ń wo bí ojú obìnrin náà ṣe máa rí.

Ọkọ̀ náà parí nígbà tí òdòdó ṣẹ́rì ń tanná. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ wá wò ó, wọ́n yí i ká, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa nawọ́ sí. Pupa kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kogure kàn fi ìka kan ti ilẹ̀kùn òsì fún wọn wò, ó sì tì pẹ́kẹ́, láìsí ariwo. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gé irun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó gun òkè lọ. Kinue ò jáde. Kogure rò pé bóyá kò gbọ́ ni, nítorí páìpù èéfín tó ti lu tipẹ́, ó ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ojúlówó, ẹ́ńjìnnì wá ń kùn jẹ́jẹ́. Hagiwara ló lọ mú un wá, pẹ̀lú fìlà rẹ̀.

"Màmá, ẹ wo ọkọ̀ yín! Ó ti di ọmọge."

Kinue wò ó. "Ó mà dáa o," ó ní, ó sì tẹrí ba fún Kogure bí wọ́n ṣe ń ṣe fún olówó.

Wọ́n mú un jókòó sínú ọkọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sétí ìjókòó, ó ń wá nǹkan. Ó wá a níwájú, ó wá a lẹ́yìn, awọ ń yọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ méjèèjì sínú ilẹ̀kùn, sí ibi tí okùn máa ń wà. Irin dídán ló bá. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bíi pé irin náà gbóná.

"Má ṣèyọnu," Kogure wí. Ó nà kọjá níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Wò ó. Ìka kan ṣoṣo."

Pẹ́kẹ́.

Ó padà sáyè rẹ̀, ó di sítíárìn mú, ó ń dúró. Ìṣẹ́jú kan kọjá kó tó yé e ohun tí òun ń dúró dè. Èjìká rẹ̀ ló ń dúró, kò sì sẹ́ni tó ṣubú lé e. Kinue jókòó ṣánṣán, ó kó ọwọ́ lé itan, bí obìnrin ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní, "ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀. Ọkọ mi ń bọ̀. Bó bá dé tí ò bá mi ńkọ́?"

"Kinue. Èmi ni."

"Ẹ má bínú." Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn, kò rí i. "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n sọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Hagiwara ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Kogure ò sùn títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Ó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń rún irin, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aṣọ náà ti di eérú tipẹ́. Ó lọ ká gbogbo Kiryu, ó ń wá ẹni tó lè hun irú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó bá Kinue ṣiṣẹ́ nígbà kan gbìyànjú, ó hun aṣọ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ilà àwọ̀ ọsàn. Kogure wá ìkọ́ gíláàsì ọkọ̀ akẹ́rù, ó dá páìpù èéfín lu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó mú òòlù, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tí kò ní àbùkù, òun tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún irin wíwọ́ ṣe, ó sì lu àgbékọ́ rẹ̀ títí tí kò fi tì mọ́.

Tsunoda bá a níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ayédèrú ni mò ń ṣe," ni Kogure wí. "Ojúlówó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e fún kólẹ̀kódọ̀tí. Ayédèrú rẹ̀ ni mò ń ṣe."

Tsunoda gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyá ṣì wà láàyè."

"Agbè gan-an ló fọ́, Tsunoda. Omi ló kù, mi ò rí ohun tí màá rọ ọ́ sí."

Ó gbé ọkọ̀ náà lọ ṣá. Kinue wo ilẹ̀kùn tó wọ́, ó fọwọ́ kan aṣọ tuntun náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ wò. "Pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ó ní. "Ẹ ti ní jàǹbá."

Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ni Kogure ń wọ̀. Ó ti kó ọkọ̀ pupa wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó fi tapólì bò ó, kò gba iṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá láti Tókíò, á ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kinue á dé fìlà, á jáde sórí àga gígùn tó wà níwájú ilé ìtọ́jú, á kọjú sí ọ̀nà. Kogure á jókòó tì í. Ó máa ń ra yakimanju wá, obìnrin náà á sì dúpẹ́, á bù ú sí méjì, á fún un ní èyí tó tóbi, nítorí ọmọlúwàbí ni.

"Ẹ̀yin náà ń dúró de ẹnì kan?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń dúró?"

"Ó ti ń pẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, á dé. Tèmi náà máa ń pẹ́. Iṣẹ́ ló fẹ́ràn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa etí àga bí ẹni ń wá okùn òwú. "Ẹ máa dá ọkọ̀ wa mọ̀. Pupa ni, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ kan ò jọ èkejì, kì í sì í tì bọ̀rọ̀. Ó fẹ́ tún un ṣe. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kogure gbé yakimanju tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lé itan.

Ọkọ̀ kan ń gun òkè bọ̀. Kinue dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó na ọrùn. Ọkọ̀ náà yọ ní kọ́nà, ó kọjá lọ, ọkọ̀ akẹ́rù funfun tó ń kó ewébẹ̀ ni. Obìnrin náà jókòó padà.

"Kì í ṣe òun," ó ní.

"Rárá," ni Kogure wí, "kì í ṣe òun."